Kí Ẹ Tó Fi Ẹ̀yáwó Ra Micra

Ọ̀rọ̀ àsọyé mẹkáníìkì kan níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, àyè ṣì wà níwájú níbí, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí sì bá wí jù.

Akọ̀wé wa sọ fún mi pé nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tó wà lórí tábìlì òun lọ́wọ́lọ́wọ́, ọkọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ fowó rà. Mo bi í pé irú ọkọ̀ wo. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bọ̀dá, èwo ló tún kù tówó wa ká bí kò ṣe Micra?" Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá dúró díẹ̀ ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Ìwó Road yóò rí i pé Micra ló ń gbé ìlú yìí rìn. Òun ló ń kó wa lọ sí Dùgbẹ̀, òun ló ń kó tòmátì kúrò ní Bódìjà, òun náà la sì ń há ẹrù ìyàwó sí lẹ́yìn.

Ohun kan ni mo wá sọ, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí oorun tó kun ẹnikẹ́ni: ẹ má fi gbogbo owó ẹ̀yáwó ra ọkọ̀. Bí ẹ bá pín owó náà sí mẹ́ta, ìdá méjì ni kẹ́ ẹ fi wá ọkọ̀, kí ìdá kẹta wà nílẹ̀ de oṣù àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún kì í di tẹni lọ́jọ́ tá a sanwó rẹ̀. Nǹkan kan ni ẹni tó tà á fún yín rí tó fi tà á, nǹkan yẹn á sì bá ọkọ̀ wálé yín. Ẹni tí kò bá ní kọ́bọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan náà bá yọjú, ọkọ̀ á wà níwájú ilé, ẹgbẹ́ á sì máa gba owó rẹ̀ lóṣooṣù.

Oríṣiríṣi Micra ló wà, ṣùgbọ́n èyí tó kún ìgboro wa ni èyí tó rí rọ́bọ́tọ́, tójú iná rẹ̀ rí rogodo, tí àwọn tó ṣe é ń pè ní K11. Ọdún 1992 ni Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ilé iṣẹ́ wọn ní Sunderland, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló gba oyè ọkọ̀ ọdún 1993 ní Yúróòpù, kò sì sí ọkọ̀ Japan kankan tó gba oyè yẹn rí ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi Micra ṣẹ̀sín, ẹ sọ ìyẹn fún un. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.0 tàbí 1.3 ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, ó kéré lóòótọ́, àmọ́ fáàfù 16 ló ní, kì í sì í ṣe káábúrétọ̀ ló ń lò, ínjẹ́kítọ̀ ló ń fún epo sí i. Nígbà tí irú mìíràn tó tẹ̀ lé e jáde ní nǹkan bí ọdún 2002, ti K11 parí ní Yúróòpù. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ fúnra yín. Àbúrò pátápátá nínú wọn ti tó àgùnbánirọ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wà kò wúlò fún wa, torí ọwọ́ ọ̀tún ni sitíárì tiwọn wà, àwa sì ti kúrò nídìí ìyẹn láti oṣù kẹrin ọdún 1972. Èyí tí wọ́n kó lọ tà ní Jámánì, ní Bẹ́ljíọ̀mù àti ní Ítálì, tí sitíárì rẹ̀ wà lósì, ni àwọn oníṣòwò wa lọ ń rà lálòkù, tí wọ́n ń kó gba Kútọnu wọlé tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín lónìí pé Micra òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, pé tọ́kúnbọ̀ tútù ni, ẹ rọra bi í pé ọ̀nà wo ló gbà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà báyìí ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin ti wà á. Òmíràn ti ṣe takisí títí ó fi rẹ̀ ẹ́, wọ́n wá kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ wo inú ibi tí ilẹ̀kùn ti ń pa dé, ẹ ká rọ́bà etí rẹ̀ sókè díẹ̀. Akunlé máa ń gbàgbé ibẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọ̀ mìíràn níbẹ̀, ẹ ti mọ iṣẹ́ tó ṣe rí.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wà nídìí ilẹ̀kùn yẹn, ẹ wo ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìlú òtútù tó ti wá, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín má bàa dì, iyọ̀ yẹn a sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. K11 kò le tó bẹ́ẹ̀ sí ìpẹtà. Abẹ́ ilẹ̀kùn, etí táyà ẹ̀yìn, àti irin tó wà lábẹ́ rédíétọ̀ níwájú ló máa ń jẹ. Òmíràn ti jẹ tán kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Panẹbítà tó bá mọṣẹ́ á gé ibi tó jẹ kúrò, á jó irin mìíràn mọ́ ọn. Èyí tó fẹ́ tètè lọ jẹun á di ihò náà ní pọ́tì, á fi sáńpépà fá a, á kùn ún, ojú yín kò sì ní mọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré ni ẹ ó mú lọ, èyí tí wọ́n ń yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e kó má bàa ha ọ̀dà, ẹ gbé e sára ọkọ̀, ẹ máa wọ́ ọ lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Níbi tí irin bá wà, á dì í mú. Níbi tó bá já bọ́, pọ́tì ni. Pọ́tì lára ilẹ̀kùn kò burú, ta ni wọn kò gbá rí ní Ìbàdàn? Ṣùgbọ́n pọ́tì lábẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí jáàkì ń gbé ọkọ̀ sókè, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ohun tó ń pa Micra jù lọ. Ooru ni. Mi ò ní sáré lórí èyí.

Alumíníọ́mù ni ẹ́ńjìnnì yẹn, àtìsàlẹ̀ àti tọ́ọ̀pù rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó fúyẹ́ tí kò sì jẹ epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n alumíníọ́mù kì í gba ìgbónájù bí irin. Bí omi bá gbẹ lára rẹ̀, tí ẹ sì ń wà á lọ, tọ́ọ̀pù á wọ́, kò ní tẹ́jú mọ́, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín òun àti ìsàlẹ̀ á jó, omi á ráyè wọ ibi tí ọ́ìlì wà. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí, ẹ ó rí i tó ti di ògì. Nígbà náà, ẹ ti kúrò lórí owó kékeré. Wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gbé tọ́ọ̀pù lọ fún àwọn tó ń fá a kó tẹ́jú, ẹ ó ra gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó ra ọ́ìlì àti fílítà, ẹ ó sanwó iṣẹ́. Bó bá sì ti gbóná kọjá ààlà, fífá kò ní ṣe é, ẹ́ńjìnnì mìíràn lẹ ó wá.

Ohun tó ń fa gbogbo èyí kì í sábà ju nǹkan kékeré lọ. Ẹ wo ìdérí rédíétọ̀, fún àpẹẹrẹ. Nínú ìkòkò tí a kò dé, omi á hó ní ìwọ̀n 100 lórí sẹ́ńtígíréèdì. Ìdérí rédíétọ̀ ń tẹ omi náà mọ́lẹ̀ kó má lè hó títí yóò fi kọjá 115. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, rọ́bà kékeré inú rẹ̀ ló sì ń ṣe é. Bí rọ́bà yẹn bá ti gbó, omi á tètè hó, á máa tú jáde díẹ̀díẹ̀ nínú gó-síló, ẹ ó sì máa rò pé rédíétọ̀ ló ń jò. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ rédíétọ̀ odindi nígbà tó jẹ́ pé ìdérí lásán ló bàjẹ́.

Omi gan-an ńkọ́? Píọ́ wọ́tà ni ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà ń já sínú rédíétọ̀ ní gareji, omi kànga sì ni ti ẹlòmíràn. Omi kànga ní èròjà tó ń dì mọ́ inú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ rédíétọ̀ títí tí wọn á fi dí, omi lásán sì ń jẹ alumíníọ́mù láti inú wá. Kúláǹtì, èyí tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tí wọ́n ti pò ni kẹ́ ẹ rà, tàbí kẹ́ ẹ fi omi tó mọ́ dáadáa po èyí tó ki. Ó wọ́n ju píọ́ wọ́tà lọ, mo gbà. Ẹ fi í wé owó tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i pé ọ̀fẹ́ ni.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń bí mi nínú. Tẹmọ́sítáàtì ni ẹ̀rọ kékeré tó ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì ní àárọ̀ títí tí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, kó tó jẹ́ kí omi lọ fẹ́ atẹ́gùn nínú rédíétọ̀. Àwọn kan nínú wa tó ń ṣe mẹkáníìkì, bí wọ́n bá ti ṣí ọkọ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á yọ ọ́ jù nù. Wọ́n á ní, "Ilẹ̀ wa ti gbóná jù, kò wúlò níbí." Irọ́ ni. Bí kò bá sí tẹmọ́sítáàtì, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ, bírénì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ epo, á sì máa rò pé àárọ̀ kùtù ni, á máa da epo kún epo. Ẹ ó wá máa sọ pé Micra yín ń mu epo, ẹ ò sì mọ̀ pé ẹ ti sanwó fún ẹni tó kọ́ ọ ní mímu. Iṣẹ́ kejì tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́, kó máa yí ní gbogbo ìgbà, wọ́n á ní àwọn ti ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì. Fáànù tó yẹ kó máa sinmi á máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, á gbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ọjọ́ tó bá kú láàárín gó-síló ni ẹ ó tó mọ̀. Bí ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà bá ti rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ má rà á, àmọ́ ẹ yọ owó tẹ́ ẹ ó fi dá a padà sí bó ṣe wà kúrò nínú iye tẹ́ ẹ ó san.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pa ẹ́ńjìnnì ju ohun gbogbo tí mo kà sílẹ̀ yìí lọ: "Ó kù díẹ̀ kí n délé." Ọwọ́ géèjì ti gun òkè, ó ti fẹ́ kan pupa, òórùn omi gbígbóná ti gba inú ọkọ̀, ẹni náà wà ní Challenge, ilé rẹ̀ wà ní Apata, ó ní ó kù díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pa á. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná, á bó yín lójú. Ẹ má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ìyẹn nìkan tó láti fọ́ ọ. Ẹ jókòó, ẹ ra gúgúrú, kó tutù.

Ẹ̀yìn ooru ni ọ́ìlì. Lítà 3 àti díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì Micra ń gbà, gálọ́ọ̀nù lítà 4 kan á tó o, á sì ṣẹ́ kù fún àfikún. Fún ọkọ̀ tó ti dàgbà, tó ń rìn nínú gó-síló àti eruku wa, mi ò ní jẹ́ kó kọjá kìlómítà 5,000 kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí pàtàkì ni pé kì í ṣe bẹ́lítì ló ń yí fáàfù ọkọ̀ yìí, ṣéènì ni. Ṣéènì dára, kì í ṣàdédé já bí bẹ́lítì, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ló ń rọ̀ ọ́, ọ́ìlì náà ló sì ń ti ẹ̀rọ tó ń fà á le. Bí ọ́ìlì bá ti dúdú, tó ti ki, tàbí tó dín, ṣéènì á dẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ láàárọ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tan ọkọ̀, á máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ níwájú lápá kan. Bó bá dákẹ́ kíá, ó ṣì ní ọjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá ń dún títí, ẹ lọ wá owó ṣéènì. Ní ti ọ́ìlì fúnra rẹ̀, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ike lẹ́bàá títì nítorí ó dínwó. Ẹ kò mọ ẹ́ńjìnnì tó ti wà rí.

Ó yá, ká lọ sórí iná. Àǹtí kan gbé Micra tirẹ̀ wá. Láàárọ̀, ọkọ̀ ń lọ geere. Tó bá di ọ̀sán, tí oòrùn mú, á kú lójijì ní ráńdábáòtù, kò ní jí. Bí wọ́n bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí nǹkan bí ìdajì wákàtí kọjá, á tún tàn bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti pààrọ̀ fúẹ́ẹ̀lì pọ́ọ̀ǹpù, wọ́n ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, rewáyà kan ti gé wáyà mọ́ wáyà, bátìrì tuntun ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹni tó bá ti débẹ̀ ló ń gba tiẹ̀." Dísítíríbútọ̀ ni, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gì. Nínú K11, ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì wà nínú rẹ̀, bó bá ti gbó, ooru ọ̀sán á pa á, òtútù á jí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ìyọnu ni sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn, tí lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ máa ń là díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kì í sábà pa ọkọ̀ tán, àmọ́ á jẹ́ kó máa jà, kó má lágbára, kó máa fẹ́ kú bí ẹ bá dúró.

Kẹ́ ẹ má bàa di oúnjẹ fún gbogbo oníṣẹ́, ìbéèrè kan péré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì nígbà tí ọkọ̀ bá kú: ṣé iná ni kò sí ni, àbí epo? Kó yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì kan níbi tó kú sí yẹn gan-an, kí ó tó tutù, kó fi pọ́lọ́ọ̀gì mìíràn sí i, kó fi kan ara irin, kí ẹnìkan tan kọ́kọ́rọ́. Bí iná kò bá tàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fúẹ́ẹ̀lì pọ́ọ̀ǹpù. Ẹ̀rọ sikáànì tí wọ́n fi ń yẹ Corolla wò kì í bá ọ̀pọ̀ K11 sọ̀rọ̀, ojú ihò tirẹ̀ yàtọ̀, ti Nissan fúnra wọn ni. Ẹni tó bá gbé sikáànì lásán wá, tó sì ní òun ti rí àìsàn ọkọ̀, ẹ ní kó fi ibi tó fi í sí hàn yín.

Ti pọ́ọ̀ǹpù náà ṣì lè bàjẹ́ o, pàápàá láti ọwọ́ epo burúkú. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, tí epo tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní mẹ́táńọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọlé, tí ọkọ̀ ń kú káàkiri. Ẹ má sì máa jẹ́ kí táǹkì gbẹ kó tó di pé ẹ ra epo, torí epo tó wà nínú táǹkì ló ń tu pọ́ọ̀ǹpù lára.

Kíláàṣì, ṣọ́ọ̀kì, búṣìn, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì: mi ò ní pẹ́ lórí wọn, torí ojú títì wa ti kọ́ gbogbo yín. Kíláàṣì á gbó nítorí òkè Ìbàdàn àti nítorí ẹsẹ̀ tí ẹ ń gbé lé e nígbà tí kò nídìí. Bí ẹ bá gé kọ́nà tán, tí ẹsẹ̀ iwájú ń dún kàkàkà, orí ṣáàfù ni. Rọ́bà tó bò ó ló kọ́kọ́ ya, gíríísì dà nù, iyanrìn wọlé. Ẹni tó bá tètè pààrọ̀ rọ́bà yẹn, owó ṣáàfù ti wà lápò rẹ̀. Èyí tó bá sì jẹ́ ọtomátíìkì nínú K11, ẹ bá mi yẹra fún un. Irú gíà tí wọ́n fi sí i ṣọ̀wọ́n, bẹ́lítì irin ló ń fi ṣiṣẹ́, ẹni tó lè tún un ṣe ṣòro rí, mi ò sì ka ara mi kún wọn.

Táyà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí. Ẹsẹ̀ Micra kéré, íńṣì 13 ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, nítorí náà tọ́kúnbọ̀ táyà ló pọ̀ lọ́jà fún un. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà á tẹ̀ lé e, mẹ́rin tó kẹ́yìn ni tiyín. Bí ẹ bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Bó bá dúdú tó ń dán, tí ihò rẹ̀ jìn, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Fọkanáísà lè fi nǹkan pa á lára kó máa dán, kò lè pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ láìhàn. Nígbà míràn ẹ̀gbẹ́ inú ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ ní kí wọ́n yí i.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò epo, torí òun ló yí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àgbà padà. Micra tí ara rẹ̀ yá á máa jẹ lítà bíi 7 fún kìlómítà 100. Ẹni tó ń rin kìlómítà 40 lójúmọ́, fún ọjọ́ 26 lóṣù, á rin 1,040. Lítà 73 nìyẹn. Bí tẹmọ́sítáàtì kò bá sí, tí pọ́lọ́ọ̀gì ti gbó, tí fílítà atẹ́gùn ti dí, tí táyà kò sì ní atẹ́gùn tó, ó lè di lítà 10 fún kìlómítà 100. Ìyẹn á jẹ́ 104 lóṣù. Lítà 31 ló fi ṣòfò. Kó tó di opin oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ní iléepo tó bá ń ta iye tí ìjọba fọwọ́ sí, lítà 31 kò ju bíi 6,000 náírà lọ. Ènìyàn lè gbójú fò ó. Bí ẹ bá fi 1,000 náírà ṣírò lítà kan, ó di 31,000 lóṣooṣù. Ohun tí a máa ń fi sílẹ̀ pé "kò tíì le" láyé àtijọ́ ti le báyìí. Ẹ fi iye tí ẹ ra epo láàárọ̀ yìí ṣírò tiyín.

Ìwé ọkọ̀ náà lówó tirẹ̀. Íńṣọ́ráǹsì tó kéré jù, èyí tó ń bójú tó ẹni tí ẹ bá kọ lù, kúrò ní 5,000 ó di 15,000 náírà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ má ra ti ayédèrú lẹ́bàá ọ́fíìsì nítorí ẹ fẹ́ jẹ èrè díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ ni ẹ ó mọ̀ pé bébà lásán lẹ gbé káàkiri.

Àwọn ìbéèrè tó jáde:

Màmá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, bèèrè pé bóyá kí òun gbé tòun fún dẹ́rẹ́bà kó máa fi ṣe takisí, kó máa mú owó dẹlífárì wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ́ìlì àti omi sí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa ra ọ́ìlì, kí ẹ sì máa gbé e lọ pààrọ̀ fúnra yín." Dẹ́rẹ́bà tó mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe tòun, tó tún ní iye kan tó gbọ́dọ̀ pé kó tó jẹun, kò ní dúró ní ọ̀sán gangan nítorí géèjì gòkè. Kì í ṣe pé ó burú, ìṣirò tirẹ̀ ló yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà pé ọjọ́ tó bá dúró nítorí ọkọ̀ gbóná, tó sì pè yín, ẹ kò ní gba dẹlífárì ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á bá a sọ ọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀.

Bọ̀dá kan bèèrè nípa ọjà Aráròmí ní Géètì: èwo ni kéèyàn ra ní Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun wá, èwo ni kó ra ní tuntun? Ohunkóhun tó bá jẹ́ rọ́bà, tuntun. Ohunkóhun tó ń dá ọkọ̀ dúró, tuntun, bíréèkì pádì kì í ṣe ohun tí a ń rà lálòkù. Wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù, tẹmọ́sítáàtì, ìdérí rédíétọ̀, tuntun. Ṣùgbọ́n dísítíríbútọ̀, sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn, bírénì bọ́ọ̀sì, Bẹ́ljíọ̀mù ojúlówó ni mo fẹ́ràn ju tuntun tí orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lára ẹ̀rọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn pé bí kò bá ṣiṣẹ́ ẹ ó dá a padà láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó fi péńtì sàmì sí i. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ, kí ẹ fi wé e, iye ihò ibi tí wáyà ń wọ̀ lè yàtọ̀.

Ẹ́ńjìnnì odindi ńkọ́, bí tàtijọ́ bá kú? Mo ní bí ara ọkọ̀ kò bá tíì jẹ, tí mágínẹ́ẹ̀tì dì mọ́ ọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù sí i. Bí ara bá ti jẹ, ẹ má da owó lé e mọ́, ẹ tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn pátápátá ló bèèrè kẹ́yìn. Ó ní òun ń lọ wo Micra kan lọ́la, ẹni tó fẹ́ tà á sì ní kí òun wá ní aago méjì ọ̀sán. Mo ní kó pè é padà lálẹ́ yìí, kó sọ fún un pé aago méje àárọ̀ lòun máa dé. Kó tó kí i tán, kó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tí wọ́n ti tan kó tó dé kò ní jẹ́ kó gbọ́ ṣéènì, kò ní jẹ́ kó rí èéfín àkọ́kọ́, kò sì ní lè ṣí rédíétọ̀ wo bóyá ọ́ìlì ń léfòó nínú omi. Ó ní, "Tó bá ti gbóná ńkọ́, sà?" Mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó ní òun á padà wá ní aago mẹ́fà ààbọ̀ lọ́túnla.